Bí mo ṣe kọ́ orin Green Day fún ìrántí bàbá mi

Nígbà tí ìrántí bàbá mi ń sún mọ́lé, mo pinnu pé màá ta gìtá, màá sì kọ "Wake Me Up When September Ends" fún àwọn ará ilé. Billie Joe Armstrong ti ẹgbẹ́ olórin róòkì Green Day ló kọ ọ́ nípa bàbá tirẹ̀, olórin jáàsì tó tún ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, tí àrùn jẹjẹrẹ pa ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1982. Ọmọ ọdún 10 ni Billie Joe nígbà náà. Ọdún 2004 ni orin náà tó jáde, nínú àwo American Idiot. Ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó! Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn, torí ọ̀fọ̀ tèmi náà ò tán lọ́jọ́ tí wọ́n tú kánópì iwájú ilé wa.

Gìtá nìkan ló bẹ̀rẹ̀ orin náà. Mo di kọ́ọ̀dù G mú (kọ́ọ̀dù ni àwọn ohùn tó ń bára wọn dún pọ̀), mo ń ta okùn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn tó nípọn jù ni kí ẹ ṣọ́: mo tẹ̀ ẹ́ ní ojú kẹta, ìyẹn àlàfo kẹta lọ́rùn gìtá, mo bọ́ sí ojú kejì, mo wá ṣí i sílẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ń ti G bọ́ sí F♯, ó bọ́ sí E, bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, okùn kẹrin sì gbà á ní D.

Lẹ́yìn náà ni kọ́ọ̀dù C dé, kò sì pẹ́ tó fi di C minor, tó máa ń dún bí ìbànújẹ́. Ohùn kan péré ló yí padà, E rẹlẹ̀ di E♭, àmọ́ ibẹ̀ gan-an lomi ti ń bọ́ lójú mi. Mo fi ìka ìfábẹ̀lá dábùú okùn márùn-ún ní ojú kẹta, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí gbogbo wọn fi dún ketekete. Ó ro ọwọ́ gan-an. Ìyípadà yẹn nìkan ni mo ń ta lálaalẹ́, láìkọrin, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n dáadáa, kí n lè ráyè ronú nípa bàbá mi.

Nínú àwo, ìlù àti gìtá oníná bú jáde láàárín orin. Gìtá lásán ni tèmi, nítorí náà mo gbá gbogbo okùn pọ̀ kíkankíkan, mo sì gbóhùn sókè. Mi ò dín ariwo ibẹ̀ kù rárá; ẹkún ńlá ni.

Lọ́jọ́ ìrántí, lẹ́yìn àdúrà, mo kọ́kọ́ sọ ìtàn orin náà fún àwọn àgbà ní Yorùbá. Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, Màmá ní kí n tún un kọ, kí àwọn gbà á sórí fóònù fún àbúrò mi obìnrin tó wà ní London, tí kò ráyè wálé.