Bí ìlú kékeré ṣe lè bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀sì èrò táwọn èèyàn á máa wọ̀ lóòótọ́

Ẹ̀yin tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá ṣètò bọ́ọ̀sì èrò fún ìlú kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra bọ́ọ̀sì kankan o. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ tuntun ni gbogbo èèyàn fẹ́ rí, kí wọ́n kùn ún kó máa dán, kí wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, kí wọ́n ya fọ́tò, ṣùgbọ́n kò séèyàn tó ń wọ bọ́ọ̀sì torí ọ̀dà ara ẹ̀. Téèyàn bá mọ̀ pé tóun bá dé ibùdókọ̀, ọkọ̀ ò ní pẹ́ dé, á wọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ pé ó máa dúró títí ẹsẹ̀ á fi máa ro ó ni, á wá ọ̀nà míì, kò sì ní padà wá mọ́.

Ẹsẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ lò. Ẹ mú bébà àti bírò, ẹ lọ dúró ní oríta tó kún jù láago mẹ́fà àárọ̀, ẹ máa ka èèyàn, ẹ máa bi wọ́n pé níbo lẹ ti ń bọ̀, níbo lẹ̀ ń lọ, kí lẹ wọ̀ débí. Ẹ padà lọ lọ́sàn-án, ẹ tún lọ lálẹ́, torí èrò alẹ́ kì í ṣe èrò àárọ̀. Ẹ wá nọ́ọ̀sì tó ń jáde níbiṣẹ́ láago mẹ́wàá alẹ́ kàn, ẹ bi í bó ṣe ń délé. Tẹ́ ẹ bá ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ máa rí i pé ibi táwọn tó pọ̀ jù ń lọ ò ju mẹ́rin márùn-ún lọ: ọsibítù, ọjà, ilé ìwé ńlá, ibi tí iléeṣẹ́ pọ̀ sí, ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ ìlú míì.

Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ fa ìlà àkọ́kọ́ gbà, ìyẹn ojú ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì á máa tọ̀, kó lọ tààrà. Ibí gan-an ni wàhálà wà. Gbogbo aṣojú àdúgbò ló máa fẹ́ kí bọ́ọ̀sì kọjá lẹ́nu ọ̀nà àwọn èèyàn ẹ̀, mi ò dá wọn lẹ́bi, èèyàn wọn ni wọ́n ń jà fún, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbà fún gbogbo wọn, ìlà yín á máa lọ́ kiri bí ejò, ẹni tó yẹ kó fi ìṣẹ́jú 10 débi tó ń lọ á lo ogójì nínú ọkọ̀. Ẹ fi ìṣirò hàn wọ́n. Bọ́ọ̀sì tó ń wá ní ìṣẹ́jú 15-15, tẹ́ ẹ bá la ìlà ẹ̀ sí ẹ̀ka méjì, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti di 30-30 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá là á sí mẹ́ta, ó di 45. Ọkọ̀ ò pọ̀ sí i, ìdúró lẹ kàn pín fáwọn èèyàn. Èmi ò sì fẹ́ràn ìlà tó ń yí ìlú po, tí ọkọ̀ kàn ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo lọ láìpadà sẹ́yìn, rárá, torí o lè fi ìṣẹ́jú 5 débi iṣẹ́, kó o wá yí gbogbo ìlú ká kó o tó délé. Èèyàn lè rin nǹkan bíi mítà 400 ní ìṣẹ́jú 5, nítorí náà tí ibùdókọ̀ bá fi mítà 300 sí 500 jìnnà síra, kò burú.

Iye bọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ máa rà wá ńkọ́? Ẹ gbé ọkọ̀ kan gba ojú ọ̀nà yẹn nígbà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà, ẹ máa dúró ní gbogbo ibùdókọ̀, ẹ wo aago. Ká ní àlọ gba ìṣẹ́jú 25, àbọ̀ náà 25, ẹ fi 5 kún un ní ìparí kọ̀ọ̀kan kí dírẹ́bà lè tọ̀, kó na ẹsẹ̀, kó sì rí àsìkò tó ti pẹ́ gbà padà, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 60. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ọkọ̀ ní ìṣẹ́jú 15-15, ẹ pín 60 sí 15, bọ́ọ̀sì 4 nìyẹn. Fún 10-10, ó di 6. Ẹ wá fi ọ̀kan kún un tó máa wà ní gáréèjì, torí táyà á bẹ́, ẹ́ńjìnnì á gbóná. Ní ti dírẹ́bà, bọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ láago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́ lójoojúmọ́ ń ṣe wákàtí 112 lọ́sẹ̀, tí dírẹ́bà kan bá ń ṣe 40, ọkọ̀ kan ṣoṣo ń fẹ́ dírẹ́bà mẹ́ta, ká má tíì sọ ti ẹni tára ẹ̀ ò yá.

Ẹ jẹ́ kí àsìkò rọrùn láti há sórí: 7:00, 7:15, 7:30, 7:45, bẹ́ẹ̀ náà ní wákàtí tó tẹ̀ lé e. Mo ti dúró níbùdókọ̀ kan rí, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ní bọ́ọ̀sì á dé ní 7:07, òmíì 7:31, òmíì 8:02. Òjò ti pa bébà yẹn, íńkì ti ṣàn, ìyá àgbàlagbà kan ń fi ìka tọ nọ́ńbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi mí pé, "ọmọ mi, èwo ló kù?" Mi ò mọ̀ ọ́n.

Ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà ń jẹ àsìkò. Èèyàn 12, kálukú fi ìṣẹ́jú àáyá 10 wá ṣéńjì, ìṣẹ́jú méjì ti lọ níbùdókọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ tó dé, tàbí kí wọ́n ní káàdì. Bí oríta kan bá wà tí bọ́ọ̀sì máa ń há sí, ẹ ya apá kan títì ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Curitiba ní Brazil ya ojú títì sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì láti 1974, tiyín ò sì ní láti gùn tó tiwọn, mítà 200 péré níbi tó há jù lè tó.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Hasselt ní Bẹ́ljíọ̀m ṣe é láti 1997, èrò pọ̀ ju ìlọ́po mẹ́wàá lọ, ṣùgbọ́n wọ́n fi bọ́ọ̀sì kún bọ́ọ̀sì nígbà yẹn náà, ìyẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Nígbà tó di 2013 ìnáwó ti pọ̀ jù, wọ́n dá a dúró. Tówó yín ò bá pọ̀, ẹ fi ra ọkọ̀ tó ń yára dé ná.

Tí wọ́n bá wá ní kẹ́ ẹ dín ìnáwó kù, bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn lálẹ́ ni wọ́n máa kọ́kọ́ nawọ́ sí, wọ́n á ní èèyàn mẹ́ta péré ló wà nínú ẹ̀. Ẹ má gbà. Ẹni tó ń wọ ti aago méje àárọ̀ ń wọ̀ ọ́ torí ó mọ̀ pé bí iṣẹ́ bá dá òun dúró di alẹ́, ọkọ̀ kan ṣì wà tó máa gbé òun délé.