Fọ́ọ̀mù tí n kò lè kọ ní Dùgbẹ̀

Dọ́là 410 ni mo san fún yàrá ọjọ́ méje ní Salvador, ní Bahia, ilẹ̀ Bràsíl. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a gbéra ni wọ́n fagi lé e. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọdún méjì ni èmi àti olólùfẹ́ mi, ọkùnrin bíi tèmi, fi tu owó náà jọ. Ó ń gbé Mọ́kọ́lá, èmi ń gbé Bódìjà. Ọ̀rẹ́ lásán la jẹ́ lójú gbogbo Ìbàdàn, torí òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2014 kì í ṣe ohun àfiṣeré: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ọkùnrin méjì tó bá gbé ara wọn níyàwó, ọdún 10 fún ẹni tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba. Etíkun kan là ń wá, níbi tí a ti lè sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan láìsí pé ẹnikẹ́ni ń ṣọ́ wa. Bahia ló wù wá. Àkàrà wa ni wọ́n ń pè ní acarajé níbẹ̀, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n sì ń gbé ẹbọ Yemọja wọ òkun ní Rio Vermelho ní ọjọ́ kejì oṣù kejì lọ́dọọdún. Láti ọdún 2013 ni ọkùnrin méjì ti lè ṣe ìgbéyàwó níbikíbi ní Bràsíl.

Físà, yẹ́lò káàdì, tíkẹ́ẹ̀tì: ẹni tó bá ti rìnrìn àjò rí mọ bí wọ́n ṣe ń lọ.

Yàrá ni wàhálà. Mo yan àdúgbò Barra nítorí etíkun Porto da Barra, tí àwọn bíi tiwa ti máa ń jókòó láìfòyà. Mo rí ilé ìtura kan tó lẹ àsíá òṣùmàrè, àmì pé wọ́n ń gba irú wa, mọ́ ojú òpó rẹ̀, àsíá yẹn ni mo sì gbà gbọ́. Mo mú iye owó tí wọn kì í dá padà, torí ó fi dọ́là 60 dín. Mo sanwó tán kí n tó kọ̀wé pé ọkùnrin méjì ni wá, bẹ́ẹ̀dì ńlá kan la fẹ́.

Wọ́n fèsì pé bẹ́ẹ̀dì kéékèèké méjì ló kù. Mo ní yàrá oníbẹ́ẹ̀dì kan ni mo san owó rẹ̀, ó wà nínú rìsíìtì. Wọ́n ní kí n fowó kún un nítorí àlejò kejì. Mo ní àlejò méjì ni mo kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, wọn ò fọhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ̀wé pé ilé àwọn kò wà fún irú wa, àwọn ti fagi lé e, owó kò sì ní padà.

Mo gba báǹkì mi lọ ní Dùgbẹ̀, kí wọ́n lè bá mi gba owó náà padà. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn ní sùúrù. Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù: “Ẹ kọ ìdí tí wọ́n fi fagi lé e síbí, sà. Kí ẹ sì tẹ gbogbo ohun tí ẹ jọ kọ síra yín jáde, kí ẹ fi tì í.” Ó tún bi mí pé, “Ẹ̀yin àti ta lẹ jọ ń lọ, sà?”

Ẹ wo ibi tí mo há sí. Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà pé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni lẹ́tà tí mo fọwọ́ ara mi kọ: ọkùnrin méjì, bẹ́ẹ̀dì kan. Kí n gbé ìyẹn lé orí tábìlì ní Dùgbẹ̀, kó máa ti ọwọ́ dé ọwọ́? Mo dáhùn pé èmi àti àbúrò mi ni. Ẹnu mi korò. Mo ká fọ́ọ̀mù náà sínú àpò, mo wọ Micra padà sí Bódìjà, n kò sì lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Òru yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn pé ohun tí n kò lè kọ fún báǹkì, mo lè kọ ọ́ sí Bahia. Mo fi Google túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Pọtogí, n kò fi nǹkan kan pamọ́: ọkùnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn ni wá, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lé wa. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ yín ti dájọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2019 pé ẹni tó bá ṣe irú èyí, òfin tó de ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló máa mú un. Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ wà lọ́wọ́ mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti fèsì pé àwọn máa dá owó náà padà. Mo dìde, mo ń rìn yí pálọ̀ ká. N kò kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni rí láyé mi.

Fún yàrá kejì, mo kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé mẹ́fà kí n tó fọwọ́ kan káàdì. Mẹ́ta ò fèsì. Méjì ní gbogbo èèyàn làwọn ń gbà, ṣùgbọ́n wọn ò dárúkọ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá àgbà kan ló kọ ọ́ pé: “Bẹ́ẹ̀dì ńlá kan ni, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkun. Ṣé ẹ máa ń mu kọfí láàárọ̀?” Mo san dọ́là 590 fún un, torí ọdún Yemọja ti sún mọ́lé, gbogbo yàrá ti gbówó lórí.

Nítorí náà, ẹ má wo àsíá, bẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ san iye tí wọ́n ń dá padà, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ wà lórí fóònù tí ẹ ń gbé kiri ìgboro. Ẹni tó bá dá yín dúró lè ní kí ẹ ṣí i.

Ní Porto da Barra, ojú omi ni oòrùn ń wọ̀ sí. Ọjọ́ mẹ́fà la jókòó wò ó, orí rẹ̀ wà ní èjìká mi.

A ti padà dé Ìbàdàn kí owó tó wọlé. Dọ́là 372 ni. Mo ti kọ lẹ́tà mìíràn sí wọn nítorí 38 tó kù.