Kí ẹ tó fún agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní máàkì: àwọn àṣìṣe tí a máa ń ṣe

Ó máa ń tó nǹkan bí aago méjì òru ní Nàìjíríà kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù sókè níbi àṣekágbá àwọn ọkùnrin nínú ìdíje NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà. Tí eré bá fi máa parí, ojú ti pọ́n, dátà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àwa tí a kò sùn sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín máàkì bíi tíṣà: lágbájá gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, lámọrín gba mẹ́ta. Kí ládàánì tó pe ìrun àsùbáà, a ti dá gbogbo ẹjọ́ tán.

Ó pẹ́ tí mo ti wà nídìí máàkì pínpín yìí, mo sì ti ṣì í pín dáadáa. Èyí tí n kò lè gbàgbé ni ti ọmọkùnrin kan tí mo fún ní mẹ́ta nítorí pé pọ́ìntì mẹ́rin péré ló kó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́jọ́ kejì, mo tún eré náà wò. Gbogbo ìgbà tí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù jù nínú ẹgbẹ́ wọn bá fẹ́ sá lọ gba bọ́ọ̀lù ní kọ̀rọ̀, ọmọkùnrin yìí á ti lọ dúró gbagidi bí òpó iná lójú ọ̀nà ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Onítọ̀hún á fi àyà sọ ọ́, á ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kó sì tó rí ọ̀nà gbà kọjá, bọ́ọ̀lù ti wọ inú àwọ̀n. Mo kà á tó ìgbà méje. Ìwé ìṣirò eré kò ní ojú ìlà tí wọ́n ń kọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí. Ẹni tó ju bọ́ọ̀lù gba pọ́ìntì, ẹni tó gbé e fún un gba assist, ẹni tí àyà ń dùn kò gba nǹkan kan. Lọ́wọ́ tèmi, ó gba mẹ́ta.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn, òun náà ló sì bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù: kí á máa ka ìwé ìṣirò bí ẹni pé òun gan-an ni eré náà. Ẹ wo bí àṣekágbá ọdún 1983 ṣe parí ní ìlú Albuquerque. North Carolina State àti Houston jọ wà ní 52 sí 52, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló kù. Dereck Whittenburg ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn réré. Bọ́ọ̀lù náà kò tilẹ̀ dé ibi irin. Lorenzo Charles fò, ó gbá a mú lójú òfuurufú, ó sì kì í bọ inú àwọ̀n. Ó di 54 sí 52, eré parí. Báwo ni ìwé ṣe kọ ọ́? Whittenburg jù, kò wọlé. Charles mú rebound, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan jù tí kò wọlé, ó kó pọ́ìntì méjì. Ẹni tó bá ka ìwé nìkan á ní Whittenburg fi bọ́ọ̀lù ìgbẹ̀yìn ṣòfò, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù òfò yẹn ló gba ife. Whittenburg fúnra rẹ̀ ti fi ṣe àwàdà pé òun kò jù ú sí àwọ̀n, pé òun ń gbé e fún Charles ni.

N kò tíì fẹ́ kúrò nínú eré yẹn, nítorí ọmọ wa wà níbẹ̀. Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó, tó ti gbá handball àti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ nígbà tó ti di géńdé, ló wà láàárín fún Houston. (Akeem ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà, ọdún 1991 ló fi H síwájú rẹ̀.) Ó kó pọ́ìntì 20, ó mú rebound 18, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàdánù. Tó bá jẹ́ àwa la ń pín máàkì, mo mọ ohun tí à bá ṣe: à bá dín máàkì gbogbo ọmọ Houston kù nítorí pé wọ́n fìdí rẹmi, à bá sì fi kún ti gbogbo ọmọ NC State, títí kan ẹni tó jókòó sí bẹ́ǹṣì. Àwọn tó dìbò lọ́jọ́ yẹn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọlájùwọ́n ni wọ́n fún ní oyè ẹni tó tayọ jù níbi ìdíje àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn. Láti ìgbà náà títí di ìsinsìnyí, kò tíì sí ọkùnrin kan láti inú ẹgbẹ́ tó pàdánù tó tún gba oyè yẹn.

Níbo wá ni ẹ̀bi Houston wà? Ẹ wo ìlà free throw, bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí ẹni tí wọ́n ṣe fáwùlù sí máa ń jù láìsí ẹni tó ń dí i lọ́wọ́. Wọ́n ju 19, mẹ́wàá péré ló wọlé. Jim Valvano, akọ́nimọ̀ọ́gbá NC State, rí i pé ọwọ́ wọn kò dúró, ó sì ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa dìídì ṣe fáwùlù sí wọn. Ẹni bá ń wá ẹni tó máa bá wí, ibẹ̀ ni kó wò. Ẹni tó dá nìkan mú rebound 18 kọ́ ló yẹ kó máa fojú burúkú wò.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí pọ́ìntì fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Ọjà ni pọ́ìntì. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ra aṣọ tuntun, ẹ ó béèrè pé eélòó. Tí wọ́n bá sọ pé ẹnì kan kó pọ́ìntì 30, kí ló dé tí a kì í béèrè iye tó ná?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, Jack Taylor ti kọ́lẹ́ẹ̀jì Grinnell ní ìpínlẹ̀ Iowa kó pọ́ìntì 138 nínú eré kan ṣoṣo. Ẹ má tún un kà, 138 ni mo kọ. Ìròyìn náà ká ayé. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò kà dé ni pé ìgbà 108 ló ju bọ́ọ̀lù, 52 sì wọlé. 71 nínú rẹ̀ ló jù láti ẹ̀yìn ìlà pọ́ìntì mẹ́ta, 27 péré ló wọlé níbẹ̀. Assist rẹ̀ ńkọ́? Òdo. Lọ́jọ́ kan náà, ọmọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ Faith Baptist Bible tí wọ́n jọ pàdé kó pọ́ìntì 70. Ìgbà 44 lòun jù, 34 wọlé, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pàdánù 179 sí 104. Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀?

Ṣùgbọ́n kí n tó sáré gbé adé lé ẹni 70 lórí, ó yẹ kí n sọ bí Grinnell ṣe máa ń gbá. Kíá ni wọ́n ń fẹ́ gba bọ́ọ̀lù padà. Wọ́n á há ẹgbẹ́ kejì mọ́ láti ìpẹ̀kun pápá. Tí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kejì bá já gbà kọjá, wọn kò bìkítà kí ẹni náà lọ ju tirẹ̀ wọlé wẹ́rẹ́, nítorí ní kété tó bá ti wọlé, bọ́ọ̀lù di tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú pọ́ìntì 70 yẹn, ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ló gbà wọlé. Ẹni tí kò mọ bí ẹgbẹ́ kan ṣe ń gbá kò lè mọ iye tí nọ́ńbà àwọn ọmọ inú rẹ̀ tó.

Fún eré lásán tí a ń wò, ìṣirò kékeré kan wà tí mo máa ń ṣe sẹ́yìn ìwé. Mo máa ń sọ free throw tí ẹnì kan jù di ìlọ́po 0.44, màá rò ó pọ̀ mọ́ iye ìgbà tó ju bọ́ọ̀lù nígbà tí eré ń lọ, màá sọ àpapọ̀ rẹ̀ di ìlọ́po méjì, màá wá fi pín pọ́ìntì tó kó. Ká ní ẹnì kan kó 24, tó ju bọ́ọ̀lù 22 àti free throw mẹ́fà: 0.49 ló máa fún yín. Ká ní ẹnì kejì kó 15 péré, tó ju bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án àti free throw mẹ́rin: 0.70 nìyẹn, èyí tó bá sì pọ̀ jù ló dára jù. Ẹni àkọ́kọ́ ni wọ́n máa gbé sí ojú ìwé ìròyìn. Àwọn kan ń lo 0.475 dípò 0.44 fún eré kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ẹ lo èyí tó bá wù yín, kò ní sọ ẹni àkọ́kọ́ di ẹni kejì.

Àṣìṣe míì tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n máa fi òṣùwọ̀n NBA, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ jẹun ní Amẹ́ríkà, wọn àwọn ọmọ yìí. "Pọ́ìntì 14 péré?" Ìṣẹ́jú 40 ni eré kọ́lẹ́ẹ̀jì, 48 ni ti NBA. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ní láti ju bọ́ọ̀lù, NBA ní 24. Nítorí náà, ààyè láti jù kéré. Fáwùlù ńkọ́? Márùn-ún péré ni wọ́n ń fún ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kó tó jáde, mẹ́fà ni ti NBA. Ìyàtọ̀ kan yẹn tóbi ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó rí i pé ọmọ òun ti ní méjì ní ìdájì àkọ́kọ́ á yára fà á jókòó. Ní ọdún 2004, nígbà tí UConn (yunifásítì Connecticut) pàdé Duke nínú eré tó ṣíwájú àṣekágbá, Emeka Okafor ṣe fáwùlù méjì kí eré tó gbóná, ó sì fi ọ̀pọ̀ ìdájì àkọ́kọ́ jókòó. Ẹni tó bá fún un ní máàkì nígbà ìsinmi á ti kọ òdo. Ó padà wọlé, ó kó pọ́ìntì 18 ní ìdájì kejì, UConn sì borí pẹ̀lú 79 sí 78. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tí ẹnì kan lò kí ẹ tó wo ohun tó ṣe.

Ti dídènà ló le jù láti dá lẹ́jọ́, èmi pàápàá ṣì ń kọ́ ọ. Ní àṣekágbá àwọn obìnrin ọdún 2024, Caitlin Clark ti Iowa kó pọ́ìntì 18 ní ìdá kìíní nínú mẹ́rin. Ó parí pẹ̀lú 30, ìyẹn ni pé 12 péré ló rí kó nínú ìdá mẹ́ta tó kù. Kí ló ṣẹlẹ̀? Lára ohun tó ṣẹlẹ̀ ni Raven Johnson ti South Carolina, tó lẹ̀ mọ́ ọn bí ìgbín ṣe ń lẹ̀ mọ́ igi. Ní ọdún tó ṣáájú, nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì pàdé, Clark ti ju ọwọ́ dà nù sí Raven Johnson yìí kan náà, bí ẹni ń sọ pé ẹ fi sílẹ̀ kó jù ú, kò lè wọlé. Lọ́dún 2024, pọ́ìntì tí Johnson kó kò tó nǹkan. Tó bá jẹ́ pé ojú ìlà pọ́ìntì lẹ fi ń pín máàkì, ó ti féèlì. South Carolina borí pẹ̀lú 87 sí 75. Nínú eré yẹn kan náà, àwọn tó ti orí bẹ́ǹṣì wọlé fún South Carolina kó pọ́ìntì 37, ti Iowa kò kó ẹyọ kan. Tessa Johnson nìkan, tó jẹ́ ọmọ ọdún kìíní, kó 19 nínú rẹ̀. Èmi mọ àwọn tó wo eré náà tán tí wọn kò lè dárúkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ sì máa wo ẹni tí wọ́n bá gbá. Michael Olówókàńdì, tí òun náà jẹ́ ọmọ Èkó tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, ń kó pọ́ìntì 22 lójúmọ́ eré fún University of the Pacific ní ọdún tó gbá kẹ́yìn níbẹ̀. Líìgì tí wọ́n ń gbá kò fi bẹ́ẹ̀ ní àwọn igi àràbà tó lè dojú kọ ọ́. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nígbà tí NBA ń yan agbábọ́ọ̀lù ní 1998, tí wọ́n fi Dirk Nowitzki sílẹ̀ títí di ẹni kẹsàn-án àti Paul Pierce títí di ẹni kẹwàá. Níkẹyìn, pọ́ìntì mẹ́jọ àti díẹ̀ ló ń kó níbẹ̀ nínú eré kọ̀ọ̀kan.

Ti àwọn tó ń fi máàkì gbẹ̀san tíkẹ́ẹ̀tì tẹ́tẹ́ tó já, díẹ̀ ni màá sọ. Ẹ ta tẹ́tẹ́ pé ọmọkùnrin kan á kó ju 15 lọ, ó kó 13, ẹ wá pè é ní òmùgọ̀. Ọmọ ọdún 19 tó ní ìdánwò ní ọjọ́ Ajé ni. Charlie Baker tó jẹ́ ààrẹ NCAA ti bẹ̀bẹ̀ ní ọdún 2024 pé kí àwọn ìpínlẹ̀ fòfin de irú tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń ta lórí ẹyọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, nítorí èébú tí àwọn ọmọ náà ń gbà. Máàkì tí ẹ fún un lọ́jọ́ yẹn, owó yín ló kọ ọ́.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń sùn ná. Tí mo bá jí, màá yan ẹnì kan, màá pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, màá tún ìdájì kejì wò láìwo bọ́ọ̀lù rárá. Ẹsẹ̀ ẹni yẹn nìkan ni màá máa tẹ̀lé. Ó máa ń sú ènìyàn. Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi wọlé bá mi nídìí rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀lù ti wà ní ìhà kejì o, kí lẹ tún ń wò níbí?" Mo fi ọmọkùnrin kan hàn án tó ń fi ẹ̀yìn ti òmìrán kan sẹ́yìn lábẹ́ àwọ̀n, kí rebound má baà bọ́ sí i lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àbúrò mi jókòó. "Ẹ dá a padà," ló wí, "ẹ jẹ́ kí n tún un wò."