Ìwé Ẹjọ́ Ọmọ Yín: Ta Ló Lè Rí I?

Ẹ̀yin òbí Ìkòròdú, bí ọmọ yín bá bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dúró lé. Iṣẹ́ wẹ́fíà, ìyẹn iṣẹ́ amójútó ire àwọn ọmọ àti ìdílé, ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì sí Ìgbógbó, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni àṣírí ọmọ ti máa ń tú. Bí wọ́n bá kó àwọn ọ̀dọ́ ní ìgboro torí ẹgbẹ́ òkùnkùn, ẹ̀rù á ba ọmọ ọdún 16, á ní ọdún 19 ni òun, tàbí kí ẹni tó ń kọ̀wé fojú díwọ̀n rẹ̀. Bí 19 bá ti wọ ìwé ẹ̀sùn, kóòtù àwọn àgbàlagbà tí gbogbo èrò ń wọ̀ ni wọ́n máa gbé e lọ. Ẹ tètè mú ìwé ìbí tí NPC, àjọ ìkànìyàn, fún yín lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ̀dà ni kí ẹ fún wọn, kí ẹ sì fojú ara yín rí i pé wọ́n tún ọjọ́ orí náà kọ. Bí ìwé ìbí kò bá sí, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ìwé ìgbaniwọlé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ràn yín lọ́wọ́.

Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 pè ní ọmọdé. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Abala 205 òfin ìjọba àpapọ̀ náà sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé ohunkóhun tó lè jẹ́ kí aráyé dá ọmọ tó ṣẹ̀ mọ̀ kò gbọdọ̀ jáde síta. Adájọ́ àti òṣìṣẹ́ kóòtù tí ẹjọ́ náà wà lọ́wọ́ wọn, agbẹjọ́rò, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà tí kóòtù rán, irú wọn ló lè ṣí ìwé rẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n fún láṣẹ. Bí ọmọ náà bá dàgbà tí ẹjọ́ mìíràn sì dé, wọn kò gbọdọ̀ fa ìwé àtijọ́ yẹn yọ sí i. Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú òfin náà.

Onílé, pásítọ̀, àlùfáà, ọ̀gá iléèwé, kò sí ìkankan nínú wọn níbẹ̀. Ọ̀gá kan tó ń kọ́ni níṣẹ́ wẹ́dà ní kí ìyá kan mú ìwé kóòtù wá kó tó gba ọmọ rẹ̀. Ìyá náà ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti dé orí WhatsApp ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ àdúgbò, ọmọ náà kò sì lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Ó ṣì ń dùn mí. Ohun tí ẹ máa sọ ni pé: "Ọ̀gá, ẹ má bínú, ìwé kóòtù ọmọdé kò ṣeé fi han ẹlòmíràn. Bí ẹ bá ní àṣẹ kóòtù, ẹ jẹ́ kí n rí i."

Bí ẹnì kan bá ti gbé e síta, ẹ má fèsì níbẹ̀, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò láti fi ráhùn. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà, kí nọ́ńbà ẹni tó gbé e àti ọjọ́ rẹ̀ hàn, kí ẹ mú un lọ bá agbẹjọ́rò. OPD, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀, kì í gba owó.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà ìwé náà, ẹ dúró ti ẹ̀rọ títí yóò fi parí, ẹ gba ewé tó bàjẹ́ pẹ̀lú, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó ń bá yín ṣe ẹ̀dà.