Kẹ́mò tí wọ́n dà sínú ikùn màmá mi: ìrírí èmi tí mo jókòó tì wọ́n

Jẹjẹrẹ ilé-ẹyin obìnrin ló mú màmá mi, níbí ní Houston. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, dókítà ní apá kan kẹ́mò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, yóò gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀, apá kan yóò lọ tààrà sínú ikùn, níbi tí àrùn náà ti lè ṣẹ́kù. Ẹ̀ẹ̀mẹfà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta síra.

Pọ́ọ̀tù roboto kékeré kan, ẹnu ọ̀nà tí oògùn ń gbà wọlé, wà lábẹ́ awọ, lórí eegun ìhà, ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń gún. Omi oògùn náà tó lítà 2, wọ́n sì ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí inú má baà lọ́ màmá jù. Tó bá ti wọlé tán, ní ìṣẹ́jú 15-15 ni mo ń bá wọn yí ẹ̀gbẹ́ padà kí ó lè kárí. Ẹnikẹ́ni kì í fà á jáde o, ara ló ń mu ún díẹ̀díẹ̀.

Ìdí tí ikùn fi ń wú nìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, màmá fa ìró yí ìdí, kò ká. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, inú mi le bí ìlù." Láti ọjọ́ náà, bùbù ni mo ń dì sí báàgì. Wọ́n ń mí gúlegúle, wọ́n ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Mo fi ìrọ̀rí mẹ́ta gbé wọn lórí, mo pín oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan sí mẹ́rin. Ní ti èébì, mo kọ́kọ́ ṣàṣìṣe: mo ń dúró dìgbà tó bá gbé wọn kí n tó fún wọn lóògùn. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa fún wọn lásìkò, kó gbé wọn, kó má gbé wọn.

Ti ìka ọwọ́ ló dùn mí jù. Lẹ́yìn ìkẹrin, mo bá màmá ní kíṣìnì, wọ́n di etí ìkòkò gbígbóná mú, wọn ò mọ̀ pé ó ń jó wọn. Oògùn náà ti ń mú ìka wọn kú tipẹ́, wọn kì í fi mọ nǹkan lára mọ́! Wọ́n fi pa mọ́ kí dókítà má baà dá ìtọ́jú dúró. Mo bẹ̀ wọ́n títí kí wọ́n tó gbà kí n sọ. Dókítà yí ẹ̀ẹ̀méjì tó kù sí inú iṣan.

Màmá sunkún pé àwọn ò lè parí rẹ̀. Dókítà ní nínú ìwádìí ńlá tó jáde ní 2006, nínú 100 tí wọ́n yàn fún ti inú ikùn, 42 péré ló gbà á pé ẹ̀ẹ̀mẹfà, síbẹ̀ àwọn tí wọ́n yàn fún un lápapọ̀ pẹ́ láyé ju àwọn tó gba ti iṣan nìkan. Ọ̀rọ̀ yẹn ló rẹ̀ wọ́n lẹ́kún.

Ìró ti ń ká wọn báyìí. Bọ́tìnnì ṣì ń yọ mọ́ wọn lọ́wọ́, èmi ni mo ń bá wọn dè é.