Ẹ Má Fi Wáyà Di Rọ́bà Ṣáàfù: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé tó ń Tún Ọkọ̀ Ṣe Fúnra Rẹ̀

Ìwé yìí wà fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ará ilé tí wọ́n ní ọkọ̀ kékeré tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà, irú bíi Sienna, Golf, Corolla àti Primera, tí wọ́n sì máa ń tú u fúnra wọn lábẹ́ igi nígbà tí mẹkáníìkì bá jìnnà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí mo máa ń bẹ̀ wò ló bí i. Ní ọjọ́ ọjà kan nígbà òjò, Sienna ẹgbẹ́ náà gbé agbọ̀n tòmátò 18 kúrò lóko, ṣùgbọ́n kò dé ọjà. Oríkèé ṣáàfù apá ọ̀tún (ṣáàfù ni ọ̀pá irin tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé ìdí táyà) fọ́ lójú ọ̀nà, ọkọ̀ sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n sì fi máa rí ọkọ̀ mìíràn, omi tòmátò ti ń kán sílẹ̀ láti abẹ́ ìlẹ̀kùn. Nígbà tí a tú ẹsẹ̀ náà, a kò bá gíríìsì kankan nínú oríkèé; ẹrẹ̀ pupa la bá. Rọ́bà tí wọ́n fi bò ó kò tíì lo oṣù mẹ́ta. Wáyà tí àwọn tí ń mọlé fi ń di irin òpó ni wọ́n fi dì í, wáyà náà sì ti gé ọrùn rọ́bà yípo, bí òwú ṣe ń gé ọṣẹ.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹn nìkan. Àṣìṣe kan náà ni mo ń bá lára ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe nílé: wọ́n á ra rọ́bà tuntun, wọ́n á fọ oríkèé, wọ́n á ki gíríìsì sí i, ṣùgbọ́n tó bá wá kan dídì, wọ́n á ju kílíìpù, òrùka irin pẹlẹbẹ tó bá rọ́bà wá fún dídì í, sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á sì wá wáyà, tàbí kí wọ́n la túùbù táyà sí wẹ́wẹ́, tàbí kí wọ́n fi okùn oníke há a. Ẹnì kan tilẹ̀ sọ fún mi pé kílíìpù ti bọ́ sínú koríko. Ẹni tó lè wá súpánà láti àárọ̀ di ọ̀sán yẹ kó lè wá kílíìpù.

Oríkèé tó wà nídìí táyà ní bọ́ọ̀lù irin 6 nínú, òun ló ń jẹ́ kí táyà lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì kí ó sì máa yí lọ. Rọ́bà tó bò ó ń sún kì, ó sì ń nà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, kí gíríìsì má bàa jáde, kí yanrìn má sì wọlé. Bí ọkọ̀ bá ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, rọ́bà yìí á yí ju ìgbà 800 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Wáyà tí kò nípọn ju mìlímítà kan àbọ̀ lọ kò ní ṣe méjì ju kí ó máa rẹ́ ẹ lọ. Kílíìpù fẹ̀ tó mìlímítà 7 sí 10, ìfúnmọ́ rẹ̀ sì pín káàkiri. Gíríìsì á mú kí túùbù wú kí ó sì dẹ̀. Okùn oníke á gbẹ nínú ooru, á sì já. Kílíìpù onísúkúrúù tí a fi ń di họ́ọ̀sì rédíétọ̀ náà kò yẹ níbẹ̀, nítorí orí rẹ̀ yọ síta, ó sì lè máa ha irin tó wà nítòsí nígbà tí táyà bá yà.

Kí ẹ tó ná owó lórí rọ́bà, ẹ wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ tán sí apá kan, lẹ́yìn náà sí apá kejì. Bí ẹ bá gbọ́ kọ́-kọ́-kọ́ láti ìdí táyà, oríkèé ti jẹ, rọ́bà tuntun kò sì lè wò ó sàn. Oríkèé gan-an ni kí ẹ pààrọ̀. Bí kò bá dún, ṣùgbọ́n tí gíríìsì dúdú ti fọ́n sí inú rímù, ẹ má jẹ́ kí ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tí ẹ bá lọ ra rọ́bà, yálà ní Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí ní Gate n'Íbàdàn, ẹ mú èyí tó ya dání kí wọ́n lè wọn ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Inú páálí gbọ́dọ̀ ní rọ́bà 1, kílíìpù ńlá 1, kílíìpù kékeré 1, òrùka irin tó ń di oríkèé mú sórí ṣáàfù, àti gíríìsì dúdú nínú ọ̀rá. Bí wọ́n bá ti yọ kílíìpù kúrò, ẹ má gbà á, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á wí. Wọ́n tún ń ta rọ́bà kan tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ẹ óò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pa pọ̀ láìtú ṣáàfù. Èmi kò gba ẹni tó ń wa ọkọ̀ lọ sóko níyànjú láti lò ó, nítorí ojú ibi tí gọ́ọ̀mù wà ni ẹrẹ̀ máa ń gbà wọlé.

A kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń tú táyà tàbí bí a ṣe ń fa ṣáàfù yọ. Ẹ ṣáà ti fi ìtì igi tó nípọn gbé ọkọ̀ náà dúró, kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan, kí ẹ sì fi ẹfun sàmì sórí ṣáàfù níbi tí ẹnu kékeré rọ́bà àtijọ́ dé kí ẹ tó gé e sọnù.

Ẹ fi ìka bu gíríìsì àtijọ́, kí ẹ fi àtàǹpàkò rà á. Bí ó bá ń dún lọ́wọ́ bí gààrí tó ní yanrìn, ẹ fi kẹrosíìnì fọ oríkèé náà ní ẹ̀ẹ̀mejì ó kéré tán, kí ẹ máa tẹ àwọn bọ́ọ̀lù náà síwá sẹ́yìn bí ẹ ti ń fọ̀ ọ́, títí kẹrosíìnì tó ń jáde á fi mọ́. Kí ó gbẹ pátápátá. Fọkanáísà lè fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ fún yín. Bí ojú bọ́ọ̀lù kan bá ní ihò tàbí ó ṣí, ẹ dá iṣẹ́ dúró, ẹ lọ ra oríkèé.

Ẹ fi téèpù yí eyín tó wà ní ẹnu ṣáàfù kí ó má bàa ha ẹnu rọ́bà nínú. Kílíìpù kékeré ni yóò kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn rẹ̀ rọ́bà, kí ẹ tó ṣí téèpù kúrò, kí ẹ fi òrùka irin tuntun sí i, kí ẹ sì gbá oríkèé padà títí òrùka náà á fi já sí àyè rẹ̀. Ẹ fà á tagbára-tagbára. Kò gbọdọ̀ bọ́. Gíríìsì tó bá rọ́bà wá nínú páálí, tó sábà máa ń wà láàárín 80 sí 120 gíráàmù fún ọkọ̀ kékeré, ni kí ẹ lò tán. Ẹ ti ìdá méjì nínú mẹ́ta sáàárín àwọn bọ́ọ̀lù, kí ẹ fún ìyókù sínú rọ́bà. Ẹ má bu gíríìsì béárìnì kún un.

A ti wá dé ibi tí mo tìtorí rẹ̀ kọ ìwé yìí. Kí ẹ tó fọwọ́ kan kílíìpù, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ fi aṣọ funfun gbígbẹ nu inú ẹnu rọ́bà méjèèjì, kí ẹ nu kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n máa jókòó sí, títí aṣọ náà kò fi ní dúdú mọ́. Gíríìsì tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ á jẹ́ kí rọ́bà máa yọ̀ lábẹ́ kílíìpù, bó ti wù kí kílíìpù náà fún tó. Ẹ ti ẹnu ńlá sí kòtò rẹ̀, kí ẹ sì fi ìka tọ ọ́ yípo kí ẹ rí i pé kò sí ibi tó gùn kọjá.

Ẹ fi kílíìpù ńlá sí i. Ẹ fi pínsà tí ẹnu rẹ̀ ti kú fún etí rẹ̀, ibi tó yọ sókè lára rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ etí náà méjèèjì á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Bí àlàfo tó kù bá ju mìlímítà 2 lọ, ẹ tún un fún. Pínsà tí ẹnu rẹ̀ mú á gé kílíìpù jábọ́, ẹ ó sì padà sídìí wáyà yín.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan kílíìpù kékeré. Ẹ na ṣáàfù tọ́ tààrà, ẹ fa ẹnu kékeré dé ibi tí ẹ sàmì sí, kí ẹ wá ti ìdí ṣíbí tó dán bọ abẹ́ ẹnu náà. Ẹ óò gbọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ṣe fúù. Ẹ wo àwọn ìṣẹ́po rọ́bà náà: kí èyíkéyìí má ṣe wú, kí èyíkéyìí má sì ṣe rì sínú. Bí afẹ́fẹ́ bá há sínú rẹ̀, á máa ti ẹnu rọ́bà síta nígbà tí ó bá gbóná, kílíìpù á sì máa fara gbá a lójoojúmọ́. Ẹ yọ ṣíbí, kí ẹ fún kílíìpù kékeré bí ẹ ti fún ti àkọ́kọ́.

Ẹ di rọ́bà náà mú, kí ẹ gbìyànjú láti yí i lórí oríkèé àti lórí ṣáàfù. Kò gbọdọ̀ yí rárá. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá ṣáàfù padà, kí ẹ tó sọ táyà kalẹ̀, kí ẹnì kan yí ọwọ́ ọkọ̀ tán sí apá méjèèjì kí ẹ sì wò bóyá etí kílíìpù ń kan nǹkan. Nọ́ọ̀tì àárín họ́ọ̀bù kì í ṣe ohun tí a ń fi agbára apá díwọ̀n, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ó máa ń tó 200 newton-mítà (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá ní súpánà oníwọ̀n, kí ó pe mẹkáníìkì tó ní i wá sí ìdí ọkọ̀.

Lẹ́yìn 100 kìlómítà, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ wo inú rímù, kí ẹ sì máa wò ó nígbàkígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí ẹ bá rí ojú gíríìsì tuntun ní etí kílíìpù, ẹ má ṣe fi nǹkan kan lé e lórí, wáyà pàápàá: ẹ gé kílíìpù náà kúrò, ẹ ra òmíràn, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ funfun gbígbẹ.