Bí mo ṣe gba ọwọ́ mi lẹ́nu ọmọ ológbò

Ọmọ ológbò tó bá ń bù ènìyàn lọ́wọ́ àti lọ́rùn ẹsẹ̀, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi ẹni tó mú un wá ni ọjọ́ orí tí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Inú eré pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ti ń mọ bí eyín ṣe ń dunni tó: bó bá gé ẹnìkejì jẹ jù, onítọ̀hún á ké, á sì fi eré sílẹ̀ fún un. Èyí tí wọ́n rà lọ́jà ní ọ̀sẹ̀ 5 kò tíì kọ́ ọ tán. Ọ̀sẹ̀ 8 ló kéré jù, 12 ló dára. Láti bí oṣù 3 sí 4, eyín ọmọdé á bẹ̀rẹ̀ sí í ká, gbogbo nǹkan ni yóò sì fẹ́ máa rún.

Òfin tí mo ṣe nínú ilé ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi ìka bá a ṣeré mọ́. Ẹni tó ń fi ìka jó lábẹ́ aṣọ ìbora fún ológbò ń kọ́ ọ pé ẹran ni ìka. Mo wá ọ̀pá tín-ín-rín kan, mo so òwú tó yi mọ́ ọn, mo so ìyẹ́ adìẹ sídìí òwú. Ilẹ̀ ni mo ń wọ́ ọ, kì í ṣe pé kí n máa jù ú mọ́ ológbò lójú: á sáré, á dúró, á yọ́ wọ abẹ́ àga. Eku wo ló ń rìn wá bá ológbò? Ìṣẹ́jú 10 láàárọ̀, 10 nírọ̀lẹ́, mo máa ń jẹ́ kó mú ìyẹ́ náà níkẹyìn, oúnjẹ á sì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá ṣọdẹ tí kò rí nǹkan mú, ẹsẹ̀ yín ni yóò fi parí iṣẹ́. Ẹ kó ọ̀pá náà pamọ́ lẹ́yìn eré: òwú tí ológbò bá gbé mì lè fa ìfun rẹ̀ jọ, iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò sì fi yọ ọ́.

Bó bá gé mi jẹ, n kì í fa ọwọ́ yọ. Ẹran tó ń sá ni ọwọ́ tó ń sá lójú rẹ̀, ara á sì ya. Mo máa ń dúró jẹ́ẹ́, kí n rọra ti ọwọ́ sí ọ̀nà ẹnu rẹ̀ díẹ̀ títí yóò fi là á, kí n wá jáde nínú yàrá láìsọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan. N kò fara mọ́ lílù tàbí wíwọ́n omi sí i lójú. Ẹni tó mú ẹgba ni yóò máa bẹ̀rù, ẹ̀rù náà ń mú kó gé ènìyàn jẹ.

Ti orí itan yàtọ̀. Wọ́n á ní, “À ń fọwọ́ pa á lára ni o, ó kàn bù mí jẹ lójijì.” Kì í ṣe lójijì. Ṣóńṣó ìrù á kọ́kọ́ máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, awọ ẹ̀yìn á gbọ̀n, etí á yí sẹ́yìn, dúdú ojú á fẹ̀. Mo máa ń pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ àgbọ̀n, ikùn kọ́, màá wá mú ọwọ́ kúrò. Bó bá tún fi orí wá ọwọ́ náà, a tún bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá wá a, ó tó.

Bó bá rí ológbò àjèjì lójú fèrèsé tó sì ń kùn, ẹ má gbé e o. Inú rẹ̀ lè máa ru fún wákàtí mélòó kan. Ẹ fa kọ́tìnì, kí ẹ fi í sílẹ̀.

Àgbà ológbò tí kì í gé ènìyàn jẹ tẹ́lẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni. Eyín tàbí oríkèé lè máa ro ó, tàbí kí oówo wà lábẹ́ irun níbi tí òmíràn ti bù ú jẹ.

Bí ológbò bá gé ènìyàn jẹ, ojú ọgbẹ́ náà á kéré, ṣùgbọ́n ó máa ń jìn. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15. Bó bá wú tó sì ń gbóná, ilé ìwòsàn yá, àgàgà tó bá jẹ́ oríkèé ìka. Bí ológbò náà kò bá tíì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, ẹ má dúró dìgbà tó bá wú, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Ajá nìkan kọ́ ló ń kó o ranni. Láti ọ̀sẹ̀ 12 ni ọmọ ológbò ti lè gba abẹ́rẹ́ náà.